Àjẹsára ni mo fara mọ́, kì í ṣe «ọmọ ogun ara»

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bí a ó ṣe túmọ̀ àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tó dá lórí ìwádìí àrùn ìfun, «immunity» (agbára tí ara fi ń kojú àrùn) àti «metabolism» (bí ara ṣe ń lo oúnjẹ). Wọ́n ti dábàá «agbára ọmọ ogun ara» fún immunity àti «dídà oúnjẹ» fún metabolism. Ẹnì kan tún ní kí a kúkú pe àrùn ìfun tó ń wú ní jẹ̀díjẹ̀dí, kó lè tètè yé ará ọjà. N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú jẹ̀díjẹ̀dí kúrò lọ́nà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ní Ìbàdàn tàbí Mushin gbà pé òun ti mọ ohun tó fà á, ìyẹn ṣúgà àti ohun dídùn, ó sì ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá alágbo ló kàn. Àgbo jẹ̀dí kọ́ ni yóò wo àrùn Crohn, ọ̀kan lára àwọn àrùn tó ń mú ìfun wú. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Crohn. Àwọn dókítà Crohn, Ginzburg àti Oppenheimer tó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní New York ní 1932 fi ibi tí wọ́n ti rí i sọ ọ́ lórúkọ, ìyẹn ìparí ìfun kékeré. Nígbà tó yá la wá rí i pé láti ẹnu títí dé ihò ìdí ló lè mú. Àrùn náà ti ju orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un lọ. Fún gbogbo irú àrùn bẹ́ẹ̀ lápapọ̀, «ìfun wíwú» tó mi.

«Ọmọ ogun ara» gan-an ni mo fẹ́ bá wí. Rédíò ti sọ ọ́ di ti gbogbo ayé, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n àjèjì ni gbogbo ohun tó ń gba inú ìfun kọjá lójúmọ́: ẹran, ẹ̀wà, gàrí. Àwọn bakitéríà tó ń gbé ìfun ńlá nìkan tó tírílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀. Bí ara bá dìde ogun sí gbogbo wọn, ìfun fúnra rẹ̀ ni yóò fara gbọgbẹ́, ohun tó sì ń ṣe ẹni tó ní Crohn nìyẹn. Apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ immunity inú ìfun ni pé kí ara mọ ohun tó yẹ kó fi sílẹ̀. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn irú sẹ́ẹ̀lì kan tí ara fi ń kojú àrùn, èyí kan wà tó jẹ́ pé ìpẹ̀tù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ogun wo ni ìyẹn?

Àjẹsára ò ní wàhálà yìí. Kí abẹ́rẹ́ òyìnbó tó dé, gbẹ́rẹ́ là ń sín, àjẹsára là ń jẹ, kó ti wà lára kí aburú tó dé. Ẹ óò ní ó ti di orúkọ vaccine. Àmọ́ «abẹ́rẹ́ àjẹsára» làwọn èèyàn ń sọ: abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀, ohun tó fi sílẹ̀ lára lọ́tọ̀. Ẹ sì rántí èyí tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Inú ìfun ni kòkòrò àrùn yẹn ti ń pọ̀ sí i, èyí tí a kán sẹ́nu sì ń dáàbò bo ìfun fúnra rẹ̀ ju èyí tí a gún lábẹ́rẹ́ lọ. Àjẹsára tí ọmọ jẹ ní tòótọ́!

Ó ku metabolism. «Dídà oúnjẹ» ò lè gbé e, nítorí lẹ́yìn tí oúnjẹ bá dà tán ni sẹ́ẹ̀lì ń fi í kọ́ ara, tí ó sì ń sun ún di agbára. Ní ìfun ńlá pàápàá, ohun tí kò dà ló ṣe pàtàkì. Fáíbà inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí ìfun wa ò lè dà ni bakitéríà ń jẹ, tí wọ́n ń sọ di bútíréètì, irú ásíìdì kan. Bútíréètì yìí ni oúnjẹ ògiri ìfun ńlá, òun náà ló tún ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì T onípẹ̀tù lọ́wọ́. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015, àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà 20 àti àwọn ará ìgbèríko Gúúsù Áfíríkà 20 pààrọ̀ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì; oúnjẹ ti Áfíríkà ló ní fáíbà púpọ̀. Bútíréètì àwọn ará Amẹ́ríkà lọ sókè, wíwú inú ìfun wọn sì dínkù. Ti àwọn ará Áfíríkà yí padà sí òdìkejì.

Ẹnì kan dá «ìyírapadà» lábàá. Ó wù mí, ṣùgbọ́n ìtàn ọdẹ àti àgbọ̀nrín tó di obìnrin ni yóò wá sọ́kàn òǹkàwé. «Ìsọdara» ni mo mú wá. Mo mọ̀ pé ẹ óò ní sísun oúnjẹ di agbára kì í ṣe sísọ ọ́ di ara. Mo gbà, síbẹ̀ ó sún mọ́ ọn ju dídà lọ, ó sì bá àjẹsára rìn dáadáa.

Nítorí náà: «Ìwádìí lórí Àrùn Ìfun, Àjẹsára àti Ìsọdara». «Wíwú» ló ṣì ń kọ mí lóminú, nítorí kò gbé ooru àti pípọ́n tó wà nínú «inflammation» tí mo fi túmọ̀. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá.