Brontosaurus mi tí etí rẹ̀ pọ́n

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará tí ẹ ń kó sítáǹpù jọ. Láti àná ni mo ti ń ka ìrírí yín nípa bí sítáǹpù yín ṣe bàjẹ́, pàápàá ti ẹni tó ní ikán jẹ álíbọ́ọ̀mù òun tán. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Tèmi kì í ṣe ikán, omi ni, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fà á.

Ọdún 1990 ni, ọmọ ọdún 11 ni mí. Ìtokú ní Abẹ́òkúta là ń gbé nígbà náà, màmá mi ń pa aró, ó sì ń ta àdìrẹ. Àbúrò bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Amẹ́ríkà máa ń kọ lẹ́tà sílé, èmi ni wọ́n sì máa ń rán lọ yẹ àpótí wa wò ní pósọ́fíìsì ní Sàpọ́n. Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé tòun ti sítáǹpù méjì tí mi ò rí irú wọn rí. Ọ̀kan jẹ́ ẹranko abìrù kan báyìí, orúkọ rẹ̀ ni Tyrannosaurus. Èkejì ní apá gbọọrọ bíi ti àdán, Pteranodon ni wọ́n kọ sí i. Mo mọ ọ̀nì, mo mọ awọ́nrínwọ́n, alángbá sì kún ara ògiri wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé irú nǹkan báyìí ti rìn lórí ilẹ̀. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ibẹ̀ títí oòrùn fi mú mi dìde.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà mìíràn gbé Brontosaurus wá, ọlọ́rùn gígùn. Ó wá di pé mo ń retí ìkẹrin, torí Dádì Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé mẹ́rin ni wọ́n, 25 sẹ́ǹtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1989 ni Amẹ́ríkà gbé wọn jáde, ọjọ́ tí àwa náà ń ṣàjọ̀dún òmìnira.

Ọmọ kíláàsì mi kan ló kọ́ mi pé tí mo bá rẹ àpò lẹ́tà sómi, sítáǹpù á ṣí fúnra rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí kò sọ ni pé àpò lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ̀wé sókè òkun nígbà yẹn ní ìlà pupa àti búlúù yí etí rẹ̀ ká. Mo bu omi gbígbóná sínú abọ́, mo kó gbogbo rẹ̀ sí i, mo sì bá eré lọ. Ìgbà tí mo padà, omi ti pọ́n.

Màmá mi dúró tì mí lórí. “Kí lo rẹ síbẹ̀ yẹn?”

“Sítáǹpù ni mo fẹ́ ṣí, Màámi.”

“Tòun ti pupa, nínú omi gbígbóná? Ìwọ tó o ti ń wò mí nídìí aró látìgbà tó o ti ń rá! Ṣé o rí i kí n rẹ aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró mọ́ funfun rí?”

Wọn ò lù mí. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n yọ àwọn sítáǹpù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi omi tútù ṣàn wọ́n, wọ́n dojú wọn dé orí bébà funfun, wọ́n sì fi àpótí wọn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dọjọ́ kejì. Méjì bọ́ lọ́wọ́ àwọ̀ pupa náà. Brontosaurus kò bọ́, gbogbo etí rẹ̀ tó funfun ló pọ́n. Àpò lẹ́tà náà ti ya, mo sì jù ú nù, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tó sọ ọjọ́ àti ìlú tó ti wá. Ìyẹn ló dùn mí jù títí dòní. Dádì Amẹ́ríkà ti kú, ọwọ́ rẹ̀ ló kọ orúkọ bàbá mi sára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Brontosaurus yìí gan-an pọ̀. Nígbà tí sítáǹpù náà jáde, àwọn kan bínú pé orúkọ tí kò sí mọ́ ni wọ́n kọ sí i. Othniel Charles Marsh, onímọ̀ egungun ẹranko ayé àtijọ́, ló sọ ẹranko kan ní Apatosaurus lọ́dún 1877, ó tún sọ òmíràn ní Brontosaurus lọ́dún 1879. Nígbà tó di 1903, onímọ̀ mìíràn, Elmer Riggs, ní irú kan náà ni méjèèjì, òfin àwọn tó ń sọ ẹranko lórúkọ sì ni pé orúkọ tó ṣáájú ló máa dúró. Ní èdè Gíríìkì, Apatosaurus ni alángbá ẹ̀tàn, Brontosaurus ni alángbá àrá. Èmi ọmọ ilẹ̀ tí a ti ń kí Ṣàngó ní Kábíyèsí, mi ò lè fi àrá sílẹ̀ kí n mú ẹ̀tàn! Inú mi dùn lọ́dún 2015 tí àwọn onímọ̀ tún àwọn egungun náà yẹ̀ wò, tí wọ́n sì ní ó tó kí Brontosaurus gba orúkọ rẹ̀ padà. Ẹjọ́ Pteranodon ní tirẹ̀ kò ní àtúnṣe: ẹran afàyàfà tó ń fò ni, kì í ṣe dáínósọ̀ rárá, ìyẹn ìdílé àwọn ẹranko ayé àtijọ́ bíi Tyrannosaurus àti Brontosaurus.

Ẹni tó béèrè bóyá sítáǹpù Poland ti 1965, mẹ́wàá tó ní ẹran ayé àtijọ́ yẹn, ti gbé lẹ́tà rí: ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Tí òǹtẹ̀ bá wà lójú tí gọ́ọ̀mù ṣì wà lẹ́yìn, kò gbé lẹ́tà kankan rí, wọ́n kàn lu òǹtẹ̀ fún un kí wọ́n lè tà á fún àwa tó ń kó o jọ ni. Ó lẹ́wà, mo ní mẹ́fà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe mí bíi ti èyí tó ti Amẹ́ríkà dé Sàpọ́n.

Stegosaurus, ìkẹrin, kò bá lẹ́tà kankan wá. Mo ti ra tuntun rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ èyí tó rìnrìn àjò ni mò ń wá. Tí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní in tó ṣì wà lára àpò lẹ́tà rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ ẹ́ o. Mo ní sítáǹpù Iguanodon, dáínósọ̀ mìíràn, ti Belgium 1966 méjì, mo lè fi ọ̀kan ṣe pààrọ̀.