Ṣé kí n tutọ́ sínú ike Amẹ́ríkà yìí, àbí àyẹ̀wò míì wà tó sàn jù ú lọ?

ỌmọÀjárá: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Àgbádárìgì. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi ike kékeré kan ránṣẹ́: kí n tutọ́ sínú rẹ̀, kí n dá a padà, wọ́n á wá sọ ibi tí ìran wa ti ṣẹ̀ àti àìsàn tó lè ṣe mí lọ́la. Tiẹ̀ ti jáde, wọ́n ní ewu ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ "kéré". Àwórì ni bàbá wa, Ègùn ni ìyá wa, ọ̀kan nínú àwọn bàbá ńlá ìyá wa sì jẹ́ Àgùdà tó ti Brazil dé. Kíndìnrín ló pa bàbá wa lọ́dún tó kọjá, ọkàn mi ò balẹ̀. Owó tí wọ́n máa gbà láti fi ike yìí ránṣẹ́ padà, ẹ ò ní gbọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌyáÌbejì_Ìbẹ́rẹ́kò: Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Kó o tó tu itọ́, lọ tọ ìtọ̀ ná. Mi ò ṣàwàdà. Jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò fún kíndìnrín.

Senami: Ògù là ń jẹ́ o, ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ń pè wá ní Ègùn 😄. Èmi ti ṣe irú ike yẹn. Ó ní apá kan mi jẹ́ "Benin àti Togo". Ẹ̀rín ni ìyá mi fi í rín. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ni wọ́n bí i sí, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbowó kó tó sọ ìyẹn fún un?

YàráÀyẹ̀wò: Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń jẹun, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. "Kéré" tí wọ́n kọ yẹn, máàkì ni. Wọ́n á wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ààyè nínú jíìnì èèyàn, ìyẹn ohun tí à ń jogún lára òbí, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, wọ́n á ro ó pọ̀. Ara ta ni wọ́n ti kọ́ ọ? Nínú èèyàn mẹ́rin tí wọ́n ti yẹ̀ wò fún irú ìwádìí yìí, ó lé ní mẹ́ta tó jẹ́ àtọmọdọ́mọ Yúróòpù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ààyè tí wọ́n ń kà kì í ṣe èyí tó ń fa àìsàn, aládùúgbò rẹ̀ ni. Bí ẹni ń fi igi àgbọn júwe ilé. Níbi tí àgbọn ò pọ̀, wàá débẹ̀. Wá fi àgbọn júwe ilé ní Tópò, níbi tí àgbọn kún, kó o wò ó! Ìran àwa èèyàn Áfíríkà ti pẹ́ láyé, jíìnì wa ti tún ara rẹ̀ tò lọ́pọ̀ ìgbà, àmì àti ohun tó ń júwe ti pínyà. Ẹni tó ní Àwórì, Ògù àti Àgùdà lára, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ò lè bá gbogbo ara rẹ̀ mu.

Àdàlù, ìyẹn kí ìran tó yàtọ̀ síra dà pọ̀ lára èèyàn, tún máa ń tan olùwádìí jẹ. Ká sọ pé jíìnì kan pọ̀ lára Ògù ju Àwórì lọ. Dúró sí ọjà Àgbàlatà, kó o yẹ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá wò: àwọn tó ní jíìnì yẹn ni wàá bá tó ń sọ èdè Ògù jù. Ṣé jíìnì ló kọ́ wọn lédè ni? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Lọ́dún 1988 ni ìwádìí kan jáde lórí àwọn Pima àti Papago, àwọn onílẹ̀ ní Arizona, Amẹ́ríkà. Ó kọ́kọ́ jọ pé àmì jíìnì kan ń lé ìtọ̀ ṣúgà sá. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tí àdàlù wọn dọ́gba jọ, agbára rẹ̀ pòórá. Ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti wọlé. Ẹni tó ní in ló ní òyìnbó nínú ìran jù, ìtọ̀ ṣúgà ò sì pọ̀ lára òyìnbó tó ti àwọn onílẹ̀ yẹn.

BàbáRúkà: Àdàlù wá bàjẹ́ pátápátá nìyẹn?

YàráÀyẹ̀wò: Rárá, Bàbá. Òun náà ló tú àṣírí kíndìnrín. Nínú jíìnì àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló ti Áfíríkà wá, kíndìnrín wọn sì ń bàjẹ́ ju ti òyìnbó lọ. Àwọn onímọ̀ wo jíìnì àwọn aláìsàn: ibo ni ti Áfíríkà ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ? Krómósómù 22 ni, ọ̀kan nínú àwọn okùn tí jíìnì wà lórí wọn. Lọ́dún 2008, jíìnì kan tó ń jẹ́ MYH9 ni wọ́n fura sí. Nígbà tó di 2010, wọ́n rí i pé jíìnì APOL1 tó múlé tì í ni. Ẹ̀dà jíìnì yẹn kan tó yàtọ̀ ń dáàbò boni lọ́wọ́ irú àrùn sunrunsunrun kan. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ bàbá, tó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá, ni ewu pọ̀ sí fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn ò ní ṣàìsàn náà láéláé. Ó wọ́pọ̀ láàrin Yorùbá. Ó ṣeé ṣe kó wà lára àwọn ẹrú tí wọ́n kó gba Gberefu ní Àgbádárìgì sọdá òkun náà.

Tíṣà_Àràdágùn: Ilé ìwòsàn kan ní sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ mi kéré, wọ́n dá oògùn mi dúró. Oṣù méjì! Dókítà àgbà kan ló wá bi wọ́n pé òṣùwọ̀n ta ni wọ́n fi wọ̀n mí. Ẹ̀dà kan nínú jíìnì Duffy tí ọ̀pọ̀ wa bá wáyé ló mú kó kéré, kò sí àìsàn kankan.

ỌmọÀjárá: Ẹ ṣé gan-an. Ike ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ. Ṣé kí n má jẹun ni?

YàráÀyẹ̀wò: Bí wọ́n bá máa wo ṣúgà, má jẹ nǹkan kan láti alẹ́. Fi ẹran mọ níwọ̀n, ó lè gbé èsì kíndìnrín sókè. Ìtọ̀ àkọ́jí ni kó o gbé lọ. Kí àbúrò rẹ náà sọ ohun tó pa bàbá yín fún dókítà tiẹ̀, kó má torí "kéré" yẹn jókòó.

ÌyáÌbejì_Ìbẹ́rẹ́kò: Ra ike ìtọ̀ tuntun o. Ẹ̀gbọ́n mi gbé tiẹ̀ lọ nínú ike ẹlẹ́rìndòdò. Ṣúgà tí wọ́n bá níbẹ̀ ò kéré.