Ìyá ọkọ mi ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ni kí n ṣe?

Ìyàwó Àjàṣẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ìyá ọkọ mi wá láti Kétu, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé báyìí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ìtòsí ọjà Ouando. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Dókítà ní wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì kọ oògùn tí wọ́n á máa lò láràárọ̀ fún wọn. Àfi bí ọ̀rẹ́ wọn kan ṣe sọ fún wọn lọ́jà pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ a máa fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fẹ́ fojú kan oògùn mọ́. Láàárọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀, lọ́sàn-án ọ̀gẹ̀dẹ̀, lálẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí mo bá ní "Ìyá, ẹ rántí oògùn yín," wọ́n á ní oògùn òyìnbó yẹn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn wú, pé èso tí Ọlọ́run dá kì í pa èèyàn.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí mo bá fẹ́ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan náà bọ́ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ oṣù méje, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni yóò fà fún un.

Ṣé lóòótọ́ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Báwo ni mo sì ṣe lè bá wọn sọ ọ́ tí kò ní dìjà?

Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ Ọjà Kétu

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá o. Èmi tí mò ń tà á, ó yẹ kí n sọ pé ẹ máa rà á fún wọn nìṣó, ṣebí ọjà mi ni. Àmọ́ rárá o. Àwọn oníbàárà mi kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, wọ́n á yà sí ilé òògùn tó wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ń jẹ méjèèjì pọ̀ ni. Ta ló sọ fún ìyá pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ lé èkejì lọ?

Ìyá Àgbà Ṣábẹ̀ẹ́

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí kò ní wọ̀ wọ́n létí láti ẹnu ìyàwó. Má bínú sí mi. Bí o bá kúnlẹ̀ títí di ọ̀la, ohun tí wọ́n á gbọ́ ni pé ìyàwó ti fẹ́ máa pàṣẹ fún àwọn. Jẹ́ kí ọkọ rẹ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, àwọn méjì péré, kó má ṣe é lójú àlejò. Tàbí kẹ̀, wá ẹgbẹ́ wọn kan tó ń lo oògùn tirẹ̀ tí ara rẹ̀ sì le, kó wá kí wọn.

Nílé tiwa, bàbá àwọn ọmọ mi náà ṣe irú rẹ̀. A ò bá wọn jiyàn. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru la wá sílé. Láràárọ̀, kí wọ́n tó jẹun, ọmọ á wọ̀n ọ́n, á sì kọ ọ́ sínú ìwé níṣojú wọn. Ìgbà tí wọ́n rí i fúnra wọn pé nọ́ńbà tòkè ń ré kọjá 140 lọ bí wọn ò bá lo oògùn, àwọn gan-an ló ń pariwo pé oògùn àwọn dà. Kò sí ẹni tó ṣẹ́gun ẹnì kankan.

Nọ́ọ̀sì Ìpóbẹ̀

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n mi ò rí ìyá lójú, nítorí náà dókítà tó ń tọ́jú wọn ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ jù mí lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ẹsẹ̀ wíwú, torí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ń jẹ́ amlodipine. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń lò ó, àmọ́ a máa jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n fún ìyá, irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ wo ara páálí rẹ̀. Dókítà lè dín in kù, ó sì lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí oògùn ń dà láàmú, tí gbogbo ilé sì ń sọ fún un pé kò sí nǹkan kan, ṣé kò ní wá ibòmíràn gbà ni?

Ní ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀rẹ́ wọn yẹn kò purọ́ tán. Pòtáṣíọ̀mù wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti fi ìtọ̀ gbé sódíọ̀mù, ìyẹn èyí tó wà nínú iyọ̀, jáde kúrò lára, ó sì ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó mọ níwọ̀n, tó tó gíráàmù 118 lẹ́yìn tí a bá bó èèpo rẹ̀, ní pòtáṣíọ̀mù bíi mílígíráàmù 420. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa rí mílígíráàmù 3,510 ó kéré tán lójúmọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó bá fẹ́ rí gbogbo ìyẹn nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan á jẹ ju mẹ́jọ lọ, ti ọ̀dọ̀ wa tó sì máa ń kéré yẹn á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò pọn dandan. Ẹ̀wà ní in, ẹ̀fọ́ ní in, iṣu, tòmátì àti ọ̀dùnkún náà ní in.

Ohun tí àwa tí à ń wọn ẹ̀jẹ̀ èèyàn lójoojúmọ́ ń rí ni iyọ̀ àti màgí inú ìkòkò. Ẹni tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, tó sì ń fọ́ màgí mẹ́rin sínú ọbẹ̀, agbọ̀n ló ń rọ omi sí. Gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà á jẹ láàárín ọjọ́ kan kò yẹ kó tó gíráàmù 5, kò kún ṣíbí ìmutíì kan. Ti inú màgí, ti inú ẹja gbígbẹ àti ti inú búrẹ́dì sì wà nínú ìṣirò yẹn o.

Ibi tó wá ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lára a máa ba kíndìnrín jẹ́. Kíndìnrín tó ti rẹ̀ kò lè da pòtáṣíọ̀mù tó bá pọ̀ jù nù mọ́. Á máa kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè da lílù ọkàn rú débi tí ọkàn á fi dákẹ́. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tún wà tó ń dá pòtáṣíọ̀mù dúró sínú ara: enalapril, lisinopril, losartan, spironolactone. Bí dókítà bá máa pààrọ̀ oògùn ìyá sí ọ̀kan nínú wọn, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní créatinine, èyí tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Bí kíndìnrín wọn bá le, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tàbí méjì lóòjọ́, oúnjẹ gidi ni.

Àmọ́ oògùn tí wọ́n dá dúró lójijì yẹn kò dára. Rọpárọsẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí ẹnu wọn bá wọ́, tí apá kan bá kú tipiri, tí ọ̀rọ̀ ò bá já gaara lẹ́nu wọn mọ́, tàbí tí àyà bá ń dùn wọ́n, ilé ìwòsàn ní wàràwàrà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ìyàwó Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti wo páálí náà. Amlodipine ni wọ́n kọ sí i! Mo fi han ọkọ mi, kò kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀. Òun ló ti ń pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ pé àwáwí ni ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn.

Ti ọmọ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìpóbẹ̀

Ọmọ oṣù méje lè jẹ ẹ́. Wàrà ìyá nìkan la ń fún ọmọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà la óò máa fi oúnjẹ mìíràn kún un. Èyí tó pọ́n dáadáa ni kí ẹ fi ṣíbí tẹ̀ kó kúnná. Ẹ má gé e ní gbandigbandi fún un, kó má baà há a lọ́fun.

Kí ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ní irin tó lè ran ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní èròjà amáradàgbà tó tó nǹkan. Ẹ po kókó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, kí ẹ fi ẹ̀wà tí ẹ ti bó, tí ẹ sì lọ̀ kúnná sí i. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹyin tàbí ẹja tí ẹ ti ṣa egungun rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ á tẹ̀ lé e.

Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí, mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa gbà pé adùn ló ń fà á. Ìgbẹ́ líle tí èèyàn ń fi gbogbo agbára tì jáde wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ìdí yọ. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ní fáíbà, bíi gíráàmù 3 nínú ọ̀kan, èyí sì ń jẹ́ kí ìgbẹ́ rọ̀. Èyí tí kò tíì pọ́n ló máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ ki, ìdí nìyẹn tó fi wúlò nígbà ìgbẹ́ gbuuru. Àwọn oníṣègùn ní Bangladesh ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n sè kún oúnjẹ àwọn ọmọdé tí ìgbẹ́ gbuuru kò tètè dá lára wọn, ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Síbẹ̀, omi iyọ̀ àti ṣúgà ni kó ṣáájú o! Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì wà nínú ìgbẹ́ ọmọ, ẹ má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ gbé e wá.

Ọmọ Ìdènà

Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti ní tóótòòtó dúdú lára ń wo jẹjẹrẹ. Pé èròjà kan tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń pè ní TNF, wà nínú rẹ̀, àwọn ará Japan ló ṣèwádìí rẹ̀. Ṣé kí ìyá máa jẹ irú ìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Ìpóbẹ̀

Àbúrò, dákun, má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn mọ́. Ara èèyàn àti ara ẹranko ló ń ṣe TNF fúnra rẹ̀, kò sí nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tóótòòtó dúdú yẹn kò ju pé ó ti pọ́n gan-an, pé sítáàṣì inú rẹ̀ ti di ṣúgà.

Bàbá Olùkọ́

Ibi tí ṣúgà ti wọ ọ̀rọ̀ ni mo ti fẹ́ gba ẹnu sọ̀rọ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ ni mo dàgbà sí, níbi tí ilé iṣẹ́ ṣúgà wà, ìrèké la fi ṣeré lọ́mọdé. Àtọ̀gbẹ ló wà lára mi báyìí. (Mi ò sọ pé ìrèké ló fà á o, ẹ má gbé mi lọ sí kóòtù.)

Ìyàwó, ṣé wọ́n ti yẹ ṣúgà ìyá wò? Àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ràn láti máa rìn pọ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí nọ́ọ̀sì sọ ìwọ̀n rẹ̀ yẹn ní ṣúgà bíi gíráàmù 14, àpapọ̀ ohun afúnnilágbára inú rẹ̀ sì tó gíráàmù 27. Kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi náà. Bí èmi ṣe ń jẹ ẹ́ nìyí: kékeré kan, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n tí orí rẹ̀ ṣì tutù díẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà sísun tí kò níyọ̀. Ẹ̀pà yẹn kì í jẹ́ kí ṣúgà sáré gòkè. Mi ò ní jẹ iyán tán kí n tún fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Mi ò sì ní lọ̀ ọ́ mu, torí ohun tí èèyàn ń mu kì í tètè yó èèyàn.

Àwọn àgbà ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò ṣe é bù ṣán. Òótọ́ ni, àmọ́ ó ṣe é sè. Ìyàwó mi máa ń sè é pẹ̀lú èèpo, a ó fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́. Sítáàṣì tó wà nínú èyí tí kò tíì pọ́n, apá kan nínú rẹ̀ ni kì í dà nínú ìfun kékeré, nítorí náà kì í tètè di ṣúgà bíi ti èyí tó pọ́n.

Onízẹ́mì Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú pé mo já wọ inú ọ̀rọ̀. Pajápajá máa ń mú mi lẹ́sẹ̀ lálẹ́ bí mo bá ti gun zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà akérò, látàárọ̀. Wọ́n ní kí n máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mò ń jẹ ẹ́, pajápajá ò lọ.

Nọ́ọ̀sì Ìpóbẹ̀

Kò ní lọ bẹ́ẹ̀. Omi ni kí ẹ máa mu látàárọ̀ nínú oòrùn yẹn, kí ẹ sì máa sọ̀ kalẹ̀ na ẹsẹ̀. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín nítorí ebi.

Ìyàwó Àjàṣẹ́

Ọkọ mi ti bẹ ìyá, ó dọ̀bálẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ àwáwí tó sọ yẹn. Wọ́n ti gbà láti padà lọ rí dókítà lọ́la, àwọn méjèèjì ló ń lọ. Mo ti kọ créatinine àti ṣúgà sínú bébà fún un, kó má gbàgbé. Ẹ kú àdúrótì.

Ìbéèrè kan ló kù, Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀: ìdì tí wọ́n rà kẹ́yìn ṣì pọ̀ nílẹ̀, wọn ò sì ní lè jẹ ẹ́ tán báyìí. Ṣé mo lè kó o sínú fíríìjì?

Ọlọ́gẹ̀dẹ̀ Ọjà Kétu

Jẹ́ kó pọ́n tán níta kó o tó kó o sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní pọ́n dáadáa mọ́. Èèyàn á rí i pé èèpo rẹ̀ dúdú, inú rẹ̀ ṣì dára. Fọ èèpo rẹ̀ kó o tó bó o, torí o ò mọ ọwọ́ tó ti kọjá lára rẹ̀. Nígbà míì, ra èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n pọ̀, wọn ò ní rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí o bá sì rí ìdì tí gbogbo rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tó le kandi nínú, bi ẹni tó ń tà á bóyá káábáìdì ni wọ́n fi mú un pọ́n. Bí kò bá lè dáhùn, kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.