Àdéhùn ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká máa pè é, kì í ṣe ìlérí

Okun o gbogbo ará ilé. Mo rí ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kan kọ, pé ká kúkú máa pe manifesto, ìyẹn ìwé tí olóṣèlú fi ń sọ ohun tó fẹ́ ṣe tó bá wọlé, ní "ìwé ìlérí" torí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́, kò sẹ́ni tí ò gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Àbúrò mi kan fẹ́ du ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ fún Kabba/Bùnú ní ìpínlẹ̀ Kogi, ó wá ní kí n bá òun kọ ọ̀rọ̀ tóun máa fi ṣe káńpéènì. Mo kọ ọ́ ní Yorùbá ìwé, òun á wá máa fi Òwé, èdè àdúgbò wa ní Kabba, sọ ọ́ tó bá dójú agbo. "Mo ṣe ìlérí" wọ inú ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Mo kà á fáwọn àgbà díẹ̀ nílé kí n lè mọ bó ṣe dún létí, bí mo ṣe kà á tán ni bàbá kan bi mí pé, "Ta ló ń lérí sí?" Mo kọ́kọ́ rò pé bàbá ò gbọ́ mi dáadáa ni, àṣé wọ́n gbọ́ ọ ju èmi tí mo kọ ọ́ lọ. Ẹ wo bá a ṣe ń lò ó lójoojúmọ́: "ó ń lérí pé òun á fojú mi rí nǹkan". Ẹni tó ń lérí ń fi agbára ẹ̀ hàn ni, ẹni tó ń gbọ́ ò lọ́wọ́ sí i, ó kàn jókòó gbọ́ ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní ṣebí ilẹ̀ ìlérí wà nínú Bíbélì, òótọ́ ni, àmọ́ Ọlọ́run ló ṣe ìyẹn, ó sì lágbára láti mú un ṣẹ.

Agbára yẹn gan-an ni aṣòfin ò ní. Aṣòfin 25 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ní Lọ́kọ́ja, òfin ni wọ́n ń ṣe, bọ́jẹ́ẹ̀tì tí gómìnà bá gbé wá ni wọ́n ń yẹ̀ wò, wọ́n sì lè pe kọmíṣọ́nà kó wá ṣàlàyé bó ṣe náwó. Èmi wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àbúrò mi á ṣe títì! Ọ̀nà Ọbájànà sí Kabba tá à ń wò yẹn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, Dangote ló sì fi kọnkéré ṣe é, tí wọ́n ń yọ owó ẹ̀ nínú owó orí tó yẹ kó san. Ibo laṣòfin ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀?

Ẹni tó bá dábàá pé ká pè é ní "ẹ̀jẹ́", ojúbọ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn ń rán èèyàn létí. "Ìpinnu" náà, inú ẹni ló ń gbé, tó o bá yí i padà ta ló máa bi ẹ́?

Àmọ́ àdéhùn, ẹnì kan ò lè dá a ṣe, ẹni méjì ló ń ṣe é, ẹni tó bá sì yẹ̀ ẹ́ lórúkọ tí à ń pè é, ọ̀dàlẹ̀ ni. Mo tún ọ̀rọ̀ náà kọ, mo yọ títì kúrò, mo fi í síbẹ̀ pé ohun tí wọ́n bá kọ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún wa lọ́dọọdún, àbúrò mi á wá kà á fún wa lójú Ọbárò, ọba Kabba, àti gbogbo ìlú, a ó sì jọ máa bẹ iṣẹ́ náà wò. Mo tún un kà. Ẹ wò ó, àǹtí mi kan tí ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló dáhùn pé, "Tó bá jẹ́ àdéhùn ni, kí làwa náà máa ṣe ní tiwa?"

Nígbà tó jẹ́ ìlérí, kò sẹ́ni tó béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ la ti fi gbólóhùn kan kún un, pé àbúrò mi ò ní pín owó ìsebẹ̀, ìyẹn owó tí wọ́n fi ń ra ìbò, lọ́jọ́ ìbò, àwọn ará ìlú náà ò sì ní gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí òfin ìdìbò mú ẹni tó fún èèyàn lówó àtẹni tó gbà á. Ìwé àdéhùn la kọ sórí ẹ̀.