Nígbà tí "big" kì í ṣe ńlá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ lórí bí "big" àti "large" ṣe yàtọ̀ síra lédè Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé "ńlá" ni àwa ń pe méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó dùn mí wọra nígbà náà.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Ìlú Ọba, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí ara mi kò yá, ọ̀gá wa obìnrin fi iṣẹ́ alẹ́ mi fún ẹlòmíì, ó ní kí n lọ sinmi. Inú mi dùn, mo fẹ́ yìn ín. Ènìyàn ńlá ni mo ní lọ́kàn. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni "You are a big woman, ma." Nílé, bí ẹ bá pe ìyá kan ní "big madam", á rẹ́rìn-ín, á tún gèlè ṣe. Ti ọ̀gá mi kò rí bẹ́ẹ̀. Ó fa súwẹ́tà rẹ̀ wálẹ̀ bo ikùn, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì wọ ọ́fíìsì lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló fà mí sí kọ̀rọ̀: "Àbúrò, o ní ó sanra ni yẹn o. 'Large' gan-an kò ní gbà ọ́. Tó bá jẹ́ iyì lo fẹ́ fún un, 'great' ni." Mo padà lọ bẹ ọ̀gá. Mo ṣàlàyé pé lédè wa, ńlá kan náà ni ti ilé, ti àṣìṣe àti ti ènìyàn pàtàkì. Ó gbà, ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Àtìgbà náà ni mo ti ń tẹ́tí sí wọn. Lára aṣọ, "large" ni wọ́n ń kọ. Iye tó pọ̀, "a large number". Àṣìṣe, "a big mistake". Ẹ̀gbọ́n obìnrin, "big sister". Kò sẹ́ni tó ń sọ "large sister".

"Little" ló wá yà mí lẹ́nu jù. Ìyá kan tí mò ń tọ́jú ní "my little brother" ń bọ̀ wá kí òun. Mo wá bísíkíìtì àti jùúsì sílẹ̀ fún ọmọdé. Bàbá arúgbó kan ló wọlé, ó ga bí ọ̀pẹ, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ni màmá ń wí! Ká ní "small" ló pè é, ìdúró rẹ̀ ni ìbá máa sọ. Bàbá náà tẹrí ba kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè fọwọ́ pa á lórí, ó jókòó tì í, ó sì mu jùúsì ọ̀hún tán.