"Àjùlọ-ẹ̀dá" kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tún un wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá pé ká máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní supernatural, àwọn nǹkan bí iwin àti òkú tó ń fara hàn, ní "àjùlọ-ẹ̀dá", pé super ni "àjùlọ", nature ni "ẹ̀dá", ó tán. Mo mọ̀ pé wọ́n ronú sí i dáadáa, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò lè dúró, inú "ẹ̀dá" yẹn gan-an ló sì ti yẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, "dá" ló bí ẹ̀dá. Ohunkóhun tí Olódùmarè bá ti dá, ẹ̀dá ni. Èèyàn, ewúrẹ́, òkúta, iwin inú ìrókò, ẹbọra, irúnmọlẹ̀ ọ̀kànlénírinwó, ta ló dá wọn? Ẹnì kan náà ni. Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, ẹni kan ṣoṣo ló ju ẹ̀dá lọ, ìyẹn Ẹlẹ́dàá fúnra ẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ fi orúkọ tó tọ́ sí òun nìkan pe iwin? Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì ti fa ìlà tiwọn, wọ́n ní nature rèé, òfin ẹ̀ rèé, ohun tí òfin yẹn ò bá ti ká, ìta ló wà. Yorùbá ò fa ìlà síbẹ̀ yẹn rárá. Ayé àti ọ̀run là ń sọ, wọ́n sì ń wá wọ́n ń lọ láàárín méjèèjì, egúngún á jáde lọ́sàn-án gangan, á máa jó lójú gbogbo ọjà, ará ọ̀run la sì ń pè é.

Àbúrò kan wá ní ká yáa lo "ohun àìfojúrí". Ó dùn létí, àmọ́ wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ wa, torí kòkòrò àìfojúrí ni gbogbo ayé ń pe àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fa àìsàn, tí dókítà ń fi ẹ̀rọ wò. Àti pé àkúdàáyà ńkọ́? Ẹni tó ti kú níbì kan tó wá lọ ń gbé ìlú míì, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, tó ń tajà, tí àwọn aládùúgbò ń bá ṣeré, kò sí nǹkan kan tó ń jẹ́ àìfojúrí lára onítọ̀hún, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i! Bẹ́ẹ̀ òun gan-an wà lára nǹkan tí à ń wá orúkọ fún. "Nǹkan ẹ̀mí" tí wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì náà rèé, inú "mí" ni ẹ̀mí ti wá, ewúrẹ́ ń mí, ó lẹ́mìí, tá a bá sì ní ohun abẹ̀mí, nǹkan tó wà láàyè là ń sọ.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fíìmù òyìnbó kan, èyí tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ fún àwọn tí ò gbọ́ èdè yẹn, bàbá àwọn ọmọ yẹn ti kú, ló bá fara hàn lẹ́nu ilẹ̀kùn lóru, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ pariwo pé ghost ni. Mo kọ "Iwin ni o!" Màmá mi jókòó tì mí, wọ́n ka ohun tí mo kọ, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Iwin kẹ̀? Ṣé kì í ṣe bàbá wọn tó kú lẹ́ẹ̀kan nìyẹn? Ìgbà wo ló di iwin?" Ẹnu mi wọhò. Iwin ò ṣe èèyàn rí, bó ṣe wà látilẹ̀ náà ló wà, òkú èèyàn ò sì lè sọ ara ẹ̀ di iwin. Mo pa á rẹ́, mo kọ "Òkú bàbá ni o!", màmá mi ní ẹ̀n-ẹ́n, ó yé àwọn báyìí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tá a bá fi bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀ á jẹ́ ká gbàgbé pé iwin yàtọ̀ sí ẹbọra, pé ànjọ̀nnú tá a yá lọ́wọ́ Lárúbáwá yàtọ̀ sí emèrè. Ẹ wo Èṣù. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde lọ́dún 1884, Èṣù ni wọ́n pe ẹni tó dán Jésù wò nínú Mátíù orí kẹrin, Èṣù tó jẹ́ pé òun ló ń gbé ẹbọ dé ọ̀run fún àwọn babaláwo, àtìgbà náà la ti ń ṣàlàyé pé àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra títí di òní, kò tíì tán.

Tó bá wá di dandan pé a nílò ọ̀rọ̀ kan, àní bóyá fún ìwé ilé ẹ̀kọ́, "abàmì" ni mo fara mọ́. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe Fẹlá olórin: Abàmì Ẹ̀dá. Ẹ ò rí i pé "ẹ̀dá" ṣì wà níbẹ̀? Nǹkan náà ṣàjèèjì, ó ń dẹ́rù bani, kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, síbẹ̀ kò kúrò láàárín ẹ̀dá. Abàmì ẹ̀dá, abàmì ìṣẹ̀lẹ̀, abàmì agbára, kò sí èyí tí ò yéni nínú wọn. "Àwámárìídìí" ní tiẹ̀ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún ohun tá a wá wá wá tí a ò rí ìdí ẹ̀.

Ti metaphysics, ẹ̀ka fìlọ́sọ́fì kan, tẹ́nì kan fẹ́ pè ní "ìmọ̀ ìkọjá-ara", ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀mí, àwọn ìwé Aristotle, onífìlọ́sọ́fì Gíríìkì ayé àtijọ́, tí wọ́n tò tẹ̀ lé èyí tó kọ nípa physics ni wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀, "èyí tó wà lẹ́yìn physics". Ohun tó wà nínú wọn ni pé kí ló túmọ̀ sí kí nǹkan wà. Mi ò bá ní "ìmọ̀ ìwà", torí inú "wà" ni ìwà ti wá, àmọ́ ìwà ọmọlúàbí ló máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn. "Ẹ̀kọ́ nípa wíwà" ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní fìlọ́sọ́fì, ẹ gbé e yẹ̀ wò nínú kíláàsì yín kẹ́ ẹ sọ bó ṣe rí fún wa.