Ta ló ni àṣírí tí agbẹjọ́rò ń pa mọ́?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ka àwọn àbá tó wà nílẹ̀ lórí ohun tí à bá máa fi Yorùbá pe òfin tó ní kí agbẹjọ́rò má tú ọ̀rọ̀ oníbàárà rẹ̀ síta, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní confidentiality. Ẹ̀gbọ́n kan ní ká pè é ní "ìmùlẹ̀ agbẹjọ́rò". Àbúrò kan ní "ìdákẹ́ lọ́yà" ti tó. Ẹlòmíràn ní ká mú "awo" lò, pé Yorùbá ti mọ awo kí òyìnbó tó kọ́ kóòtù síbí. Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí kò sí èyí tó jẹ́ ká mọ ẹni tó ni àṣírí náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ìmùlẹ̀. Ẹni méjì tó bá jọ mulẹ̀, ilẹ̀ so àwọn méjèèjì pọ̀ ni. Èyí tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ. Ti agbẹjọ́rò àti oníbàárà ò rí bẹ́ẹ̀. Oníbàárà lè jáde ní ọ́fíìsì, kó dúró ní gareèjì Mọ́kọ́lá, kó máa ro gbogbo ohun tó bá lọ́yà sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kò dalẹ̀ kankan. Lọ́yà nìkan ni òfin dè. Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ọdún 2011, ní ẹ̀ka 192, sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: agbẹjọ́rò ò gbọdọ̀ tú ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, àfi bí ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún un bá yọ̀ǹda. Ìmùlẹ̀ wo ni ẹnìkan ṣoṣo lè dá tú bẹ́ẹ̀?

Awo náà ní tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Àmọ́ bí ẹnìkan bá wọlé tọ lọ́yà, tó ní, "Mo ti ṣe ìwé ilẹ̀ ayédèrú, ọlọ́pàá ti gbé mi lọ sí kóòtù, ẹ gbà mí," lọ́yà ò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, torí ẹni tó jẹ̀bi pàápàá lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹni tó máa bá a rojọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ní, "Ìwé ilẹ̀ ayédèrú rèé, ẹ bá mi fi gba ilẹ̀ náà," ààbò òfin ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ibi tó ṣì fẹ́ ṣe ló ń wá alábàáṣe fún. Àwọn àgbà Ifá lè bá mi jà, kí wọ́n ní awo tòótọ́ kì í gbè sẹ́yìn ìkà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ bí èèyàn òde òní bá gbọ́ awo, ohun tó ń wá sí i lọ́kàn ni ká jọ máa bo ara wa. Ẹ má jẹ́ ká fi ẹnu ara wa ti àwọn tó gbà pé lọ́yà àti ọ̀daràn ló jọ ń ṣe é lẹ́yìn.

Ìdákẹ́ ló dà bíi pé ó sún mọ́ ọn jù, òun gan-an ló sì jìnnà jù. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ yìí. Obìnrin kan fẹ́ ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ pín fún un. Ó lọ bá lọ́yà pé kó bá òun ṣe ìwé rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ fún un pé gbèsè ọsibítù ló wà lọ́rùn òun, pé iyekíye tí wọ́n bá dá lé e lòun máa gbà. Lọ́yà dákẹ́. Kò sọ fún ìyàwó, kò sọ fún ọ̀rẹ́. Ó kàn fi orúkọ mìíràn ra ilẹ̀ náà ní ọ̀pọ̀ fún ara rẹ̀ ni. Ṣé a máa ní ó ṣe dáadáa nítorí pé kò lanu? Ẹ̀ka 19 nínú ìlànà ìwà iṣẹ́ agbẹjọ́rò ti 2007, èyí tí ti 2023 wá rọ́pò, kà á léèwọ̀: kò gbọdọ̀ fi ohun tó gbọ́ lẹ́nu oníbàárà wá àǹfààní fún ara rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fi pa oníbàárà náà lára. Orí irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn agbẹjọ́rò wí ti lè dá lọ́yà dúró lẹ́nu iṣẹ́, tàbí kó ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé orúkọ àwọn agbẹjọ́rò. Ẹnu rẹ̀ ò ṣẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká máa pè é ní ìpàṣírímọ́. Bí a ṣe fa "pa àṣẹ" pọ̀ di "pàṣẹ", bẹ́ẹ̀ náà la ṣe lè fa "pa àṣírí mọ́" pọ̀. "Pa mọ́" ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí mo bá ní kí ẹ bá mi pa owó mọ́, owó mi ni. Ẹ ò gbọdọ̀ ná an, ẹ ò gbọdọ̀ yá ẹlòmíràn, ọjọ́ tí mo bá sì béèrè rẹ̀ ni ẹ máa kó o fún mi. Ìlànà kan náà ló kúkú ní kí agbẹjọ́rò má da owó oníbàárà pọ̀ mọ́ tirẹ̀.

Ẹ má sì ní ká lo "bo àṣírí". Bí a bá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run bo àṣírí wa, ìtìjú tàbí àìní la ń sọ. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń bá lọ́yà sọ kì í ṣe ìtìjú rárá: ọmọ tí ilé máa kàn nínú ìwé ogún, iye tí wọ́n fẹ́ san.

Mo ti ṣe akọ̀wé rí ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan n'Íbàdàn. Ọ̀gá wa ò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mò ń túmọ̀. Ìyá àgbà kan wá lórí ẹjọ́ ilẹ̀. Ó tú kókó etí aṣọ rẹ̀, ó mú rìsíìtì kan tó ti pọ́n jáde, àmọ́ kò tíì tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó fi wojú mi. Ó ní, "Lọ́yà ò ní sọ, mo ti gbọ́. Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi?" Ìbéèrè gidi ni, òfin sì ti dáhùn rẹ̀: ẹ̀ka 193 nínú Òfin Ẹ̀rí yẹn ní ohun tó de agbẹjọ́rò de ògbufọ̀ àti akọ̀wé rẹ̀ náà. Mo ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ yín. Èmi náà ń bá yín pa á mọ́ ni." Ló bá tẹ́ rìsíìtì náà sílẹ̀. Ká ní mo dárúkọ ìmùlẹ̀ fún ìyá yẹn ni, ó dá mi lójú pé á dìde.

Èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní privilege yàtọ̀ sí èyí, ẹ má jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè wọ́n. Ìpàṣírímọ́ jẹ́ ojúṣe tó ń bá agbẹjọ́rò lọ síbi gbogbo, títí kan ilé àríyá. Èkejì jẹ́ ẹ̀tọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní kóòtù, pé wọn ò lè fipá mú lọ́yà láti jẹ́rìí sí ohun tí oníbàárà bá a sọ. Àwọn kan ń pè é ní "ẹ̀tọ́ agbẹjọ́rò láti má sọ̀rọ̀". Bó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ ni, ọjọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́ ló máa jù ú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ lè parí, kí wọ́n ti san owó tán, kí oníbàárà ti gba ọ̀dọ̀ lọ́yà mìíràn lọ, òfin ní ó ṣì gbọdọ̀ pa á mọ́. Ẹ̀tọ́ àṣírí oníbàárà ni kó máa jẹ́.

Lórí "oníbàárà" fúnra rẹ̀, mo gbọ́ àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ọjà ni, pé "ẹlẹ́jọ́" ló yẹ. Ẹni tó wá ṣe ìwé ogún, ẹjọ́ wo ló ní? Òfin náà bo òun pẹ̀lú. Oníbàárà ni mo ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Pọ̀bẹ̀ àti Ṣàkétẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín báyìí, torí ọ̀dọ̀ Faransé ni òfin yín ti ṣẹ̀ wá. Ní Faransé, oníbàárà fúnra rẹ̀ ò lè tú agbẹjọ́rò sílẹ̀ nínú àṣírí náà. Bí ẹni tó ni ín ò bá lè gbà á padà, ṣé "pa mọ́" á ṣì bá a mu lọ́dọ̀ yín, àbí ibẹ̀ gan-an ni ìmùlẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa ti máa wúlò?